Ọkàn Kan Ṣoṣo Ni Òfin Bèèrè

"Ẹ pa á!" Ìbíyẹmí kígbe. "Ẹ pa iná yẹn, mo ní kí ẹ pa á!"

Wọ́n pa á. Iná tó ń tú yàà láti ẹnu ẹ́ńjìnnì náà, tó ń sọ omi òkun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ di ooru, súnkì, ó wọlé padà, ó kú. Nínú ilé oníkọnkéré tí wọ́n ti ń wo ìdánwò náà, olúkúlùkù yọ ohun tó fi dí etí. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ obìnrin náà. Àwọn iná kéékèèké tó ń sọ bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe rí ṣì ń tàn ní àwọ̀ ewé níwájú wọn. Kò sí ọ̀kan tó pupa nínú wọn.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ ló bèèrè. Òun ni olórí ibùdó ìdánwò náà, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo. "Ìbíyẹmí, ṣebí ohun gbogbo ń lọ geerege."

"Pọ́ǹpù epo ń gbọ̀n, sà." Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, níbi tó gbé e lé látìgbà tí wọ́n ti tan iná. "Nígbà tí a ṣí i dé òpin, ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Bí ti èyí tó kọjá ṣe ṣe nìyẹn."

Ọkọ̀ òṣùpá tó lo èyí tó kọjá bú sójú ọ̀run lójú gbogbo wọn, òun àti àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, àti àwọn àsẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn èèyàn tó ń gbé inú òṣùpá.

Ọ̀rọ̀ àsẹ́ yẹn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n wà yìí. Èémí tí èèyàn bá mí síta lábẹ́ òrùlé òṣùpá, àsẹ́ ni yóò fọ̀ ọ́ kí ẹlòmíràn tó lè mí i sínú. Àwọn mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wa yìnyín inú ilẹ̀ láti fi ṣe omi. Àsẹ́ wọn ti ń dí. Bí wọn ò bá rí òmíràn gbà láìpẹ́, èémí ara wọn ni yóò pa wọ́n. Akínṣọlá, ọkọ Ìbíyẹmí, wà lára wọn.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Lára abẹ irin kan nínú pọ́ǹpù ni wọ́n ti rí ibi tó sán, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. Abẹ mìíràn kò sí nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n rọ òmíràn, ó di ìgbà òjò ọdún tó ń bọ̀.

"Ṣé a ò wá lè rán ọkọ̀ náà lọ báyìí?" ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bèèrè. "Kí àsẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀, kí a má fi èèyàn kankan sí i? Bó bá bú, irin ló bú."

"Wọn ò tíì bí ọ nígbà Òkè-Àgbọn," ni Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ sọ.

"Mo gbọ́ nípa rẹ̀, sà."

"Èmi wà níbẹ̀. Mo wà lára àwọn tó lọ kó òkú. Ọkọ̀ òfìfo ló já lu ìlú yẹn. Nígbà tí a bi àwọn tó rán an pé kí ló dé tí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní kí ló tún kàn wọ́n, ṣebí kò sí èèyàn nínú rẹ̀." Ó nawọ́ sí ọkọ̀ tó dúró lókèèrè, tí ẹnu rẹ̀ kọ sójú ọ̀run. "Nítorí ìyẹn ni òfin ṣe fi etí irin sábẹ́ àga inú ọkọ̀ yẹn. Bí kò bá gbọ́ ọkàn èèyàn tó ń lù, ẹ́ńjìnnì ò ní í tan. Àwọn kan ti gbé ewúrẹ́ jókòó síbẹ̀ rí. Àwọn kan gba ìró ọkàn sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó mọ̀."

Arínọlá dìde. Òun ni ọ̀gá àwọn márùn-ún tí yóò wa ọkọ̀ náà lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. "Àǹtí Ìbíyẹmí, ẹ sọ pé ó yá. A mọ ohun tí a tọrùn bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn. Adájọ́ ẹ́ńjìnnì ni Ìbíyẹmí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tí òfin fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bó bá sọ pé "Ó yá," ilẹ̀kùn á ṣí. Ṣùgbọ́n bí ọkàn kan bá dákẹ́ nínú ọkọ̀ tó fọwọ́ sí, wọn ò ní í gba ohùn rẹ̀ gbọ́ mọ́ láéláé, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́, bí wọ́n ṣe ṣe fún adájọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin márùn-ún, oúnjẹ yín, omi yín, epo tí ẹ máa fi padà wálé," ni Ìbíyẹmí sọ. "Mi ò lè gbé gbogbo ìyẹn kúrò nílẹ̀ láìṣí iná dé òpin. Bí mo bá sì ṣí i dé òpin, màá pa yín."

"Bí ẹrù bá fúyẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi nìkan?"

Ìbíyẹmí kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n irọ́ kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí kò wúwo, tí kò sì ní í padà, a lè ṣí i díẹ̀ ju ìdajì lọ. Pọ́ǹpù yẹn lè dúró. Ó lè má dúró. Bó bá tiẹ̀ dúró, yóò mi ẹni náà jìgìjìgì." Ó yíjú sí i. "Ọmọ rẹ kò tíì lè pe orúkọ rẹ, Arínọlá. Rárá."

Òfin ní kí a sọ fún ẹbí àwọn tó wà nínú òṣùpá kí a tó kéde ìdájọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìbíyẹmí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀.

Àkójọ ni wọ́n ń pe erékùṣù wọn. Iyanrìn ni wọ́n kó jọ sórí ibi tí ìlú wọn wà kí òkun tó gbé e, àwọn tí kò rí àyè lórí iyanrìn náà sì kọ́lé sójú omi yí i ká. Ìyá Jọláadé rí àyè, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ti mọ́ omi lára. Òun ló wa ọkọ̀ tó ń kó èèyàn jáde nígbà tí òkun wọ ìlú. Ó kó wọn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bó, ó sì tún padà lọ lẹ́yìn tí ìjọba ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má padà mọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí kò bá.

Ìbíyẹmí bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Ìyàwó mi. Jókòó, ilẹ̀ yẹn tutù." Arúgbó náà wò ó lójú. "O ò sùn."

"Ẹ́ńjìnnì náà kò yá, Ìyá."

Ọwọ́ Ìyá kò dúró. Ó kó okùn bọ ojú àwọ̀n, ó ta kókó. "Mo ti gbọ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Arínọlá wá síbí láàárọ̀ yìí. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí òun. Ó ní ẹni tó bá fúyẹ́ lè lọ." Ó fi eyín gé okùn. "Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ fúyẹ́ tó?"

Ìbíyẹmí mọ ohun tó ń bọ̀. Ó wo ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, bó ṣe tín-ín-rín nínú apá bùbá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"Mo ti sọ ọ́ tán. Ọkàn kan ni òfin bèèrè. Ṣé ó ní kó jẹ́ ọkàn ọ̀dọ́ ni?"

"Bí ẹnikẹ́ni bá máa lọ, èmi ni."

"Ta ni yóò wá dúró nísàlẹ̀, tí yóò máa gbọ́ gbígbọ̀n pọ́ǹpù yẹn, tí yóò mọ ìgbà tó yẹ kí iná dín kù? Ṣé Ṣówẹ̀mímọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo kọ́ ọmọkùnrin yẹn ní títu ọkọ̀. Etí rẹ̀ di."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí pípadà."

"Níbo ni mo fẹ́ padà sí?"

Ìbíyẹmí fi ọwọ́ bo ojú. "Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ yín? Pé mo ti ìyá rẹ̀ mọ́nú iná?"

"Má bi í o," ni Ìyá Jọláadé sọ kíá, ó sì gbé àwọ̀n náà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Tó o bá bi í, yóò ní rárá. Yóò kú síbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà á wá jókòó sójú omi yìí, òṣùpá á yọ lókè, màá máa wò ó, màá sì mọ̀ pé òkú ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Bó bá ti yọ ni màá máa wò ó, títí n óò fi kú. Ìyàwó mi, ṣé ohun tí ò ń fẹ́ fún mi nìyẹn?"

Ọkọ̀ kékeré kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé ilé náà sókè, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó nu ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó sì padà sídìí àwọ̀n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà tò, wọ́n sì dè é mọ́ òpó irin. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló mú àwọn ìdè rẹ̀ le. Ó ní kí wọ́n ṣí iná dé ìdajì, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí òun lè mọ ibi tí gbígbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Iná dún, ilẹ̀ kùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ó ń gbàdúrà kí ó gbọ̀n. Kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àdúrà tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn: kí ó gbọ̀n ní ìdajì, kí ó tilẹ̀ bú, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ọwọ́ òun ló wà. Wọ́n dé ìdajì. Kò gbọ̀n. Wọ́n fi kún un. Ìgbà tí wọ́n dé ìwọ̀n tó lè gbé arúgbó kan àti àpótí àsẹ́ lọ, ó gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń jà wìrìwìrì, ṣùgbọ́n kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró síbẹ̀ títí epo ìdánwò fi tán. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́. Ìbíyẹmí jáde lọ síta.

"Ó yá fún ẹnì kan," ni ó sọ fún Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ nígbà tó tẹ̀ lé e jáde.

"Òfin kò mọ ìyẹn. Ó yá, tàbí kò yá." Ọ̀gá wo ọkọ̀ tó dúró lókèèrè. "Ìbíyẹmí, ìyá yẹn ló fà mí jáde látojú òrùlé ilé wa nígbà tí òkun dé. Mi ò lè sọ fún ọ pé kí o ṣe é. Mi ò sì lè sọ pé kí o má ṣe é."

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n rán ọkọ̀ náà lọ, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún Ìyá Jọláadé, èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo aṣọ ibùdó, tóbi fún un síbẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Arínọlá ló gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó sì ń sunkún bó ṣe ń gbé e. Ìbíyẹmí dúró níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìyá wò ó láti inú akoto tí wọ́n fi bo orí rẹ̀, ó mi orí sí i, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé kó jẹ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Ó yá," ni Ìbíyẹmí sọ.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Nígbà tí wọ́n dè é mọ́ àga tán, gbogbo ilé oníkọnkéré gbọ́ ọkàn rẹ̀ nínú rédíò, ó ń lù, kò sáré, kò fà. Etí irin náà gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì tan. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ kan lé ara rédíò tó ń gbé gbígbọ̀n pọ́ǹpù wá láti inú ọkọ̀, ó fi èkejì lé ọ̀pá tó ń dín iná kù. Nígbàkígbà tí pọ́ǹpù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó dín in. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi kún un. Báyìí ló ṣe gbé ìyá ọkọ rẹ̀ gun ojú ọ̀run lọ, títí iná fi di ìràwọ̀ kékeré, tí wọn ò rí i mọ́.

Nígbà tí iná kú, wọ́n gbọ́ ohùn arúgbó náà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbígbọ̀n yẹn ti ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀.

"Ìyá, báwo ni ara yín?"

"Ìhà ń dùn mí. Ṣùgbọ́n eékún tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mi ò mọ ibi tó wà mọ́." Ó dákẹ́ kó lè mí. "Mo ń léfòó, ìyàwó mi. Bí ewé lójú omi."

Fún gbogbo ìrìn náà, Ìbíyẹmí kò kúrò nídìí rédíò. Ìyá ń sọ ìtàn fún un, ìtàn Akínṣọlá nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń kọ̀ láti wẹ̀ bí kò bá jẹ́ nínú ọ̀sà; ìtàn ìlú tó ti wà lábẹ́ omi, ilé ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ta. Bó ti ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó lù, ó dúró díẹ̀, ó tún lù. Gbogbo wọn sì mọ ohun tó kù. Kí ọkọ̀ tó balẹ̀ sínú òṣùpá, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tún tan lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá eré rẹ̀ dúró. Bí etí irin kò bá gbọ́ ọkàn lákòókò yẹn, ọkọ̀ yóò fọ́ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àsẹ́ inú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má sùn."

Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀hún, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá. Wọ́n dúró.

"Mi ò sùn. Mo ń wo ilẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà." Ó mí, ó tún mí. "Ṣé ó ti kù díẹ̀?"

"Ó ti kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Ìwọ sọ̀rọ̀, kí n máa gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìbíyẹmí bá a sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu, ó ń pè é, ó ń bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ọ̀pá iná. Nígbà tí àkókò tó, ó ti ọ̀pá náà. Ọkàn náà lù. Ó dúró. Ó tún lù, ẹ̀ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn.

Ẹ́ńjìnnì tan.

Ó jà wìrìwìrì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbíyẹmí dín in kù, ṣùgbọ́n bí òun ti ń dín in níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ tí abẹ pọ́ǹpù já nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, tí iná kú. Ibi tó kù kí ọkọ̀ náà já kò ga. Ó balẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró. Inú rédíò pa lọ́lọ́. Wọ́n tẹ́tí títí. Kò sí ìró ọkàn mọ́.

Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni òfin ní kó gba àmì adájọ́ tó wà lọ́rùn Ìbíyẹmí. Kò gbà á. Ó kàn dúró síbẹ̀.

Ohùn mìíràn ló wọlé. "Ìbíyẹmí! Ó ti balẹ̀! A rí i láti ojú fèrèsé, ó fì díẹ̀ ṣùgbọ́n ó wà lódidi!" Akínṣọlá ni. Àwọn méjèèjì jọ kàwé ni, wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì; ó ti pẹ́ tí Ìbíyẹmí ti gbọ́ ọ kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí. "Ta ló wà á wá? Ṣé Arínọlá ni? A ti ń wọ aṣọ láti lọ gbé wọn."

"Akín, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀."

"Ta ni?"

"Ìyá wa ni."

Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà lọ, kó dé ọ̀hún. Ó dúró kí èsì padà. Ọ̀nà náà kò jìn tó bí èsì ṣe pẹ́ tó.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀?" Akínṣọlá bèèrè.

"Ọkàn wọn gbé ọkọ̀ dé ilẹ̀, ó sì dákẹ́. Akín mi, wọ́n ní kí n má bi ọ́."

"O ò bi mí."

"Wọ́n ní bí mo bá bi ọ́, wàá ní..."

"O ò bi mí, Ìbíyẹmí." Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó gbọ́ ọ tó ń mí afẹ́fẹ́ burúkú yẹn sínú, tó ń mí i síta. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má pa rédíò. Mò ń lọ."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn mìíràn nínú rédíò tiwọn, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ eérú náà. Wọ́n gbọ́ nígbà tó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, tó ń yí i, tí irin tó ti wọ́ ń kọ̀ fún un. Ó ṣí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ọmọ tó wà nílé tí ìyá rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Akínṣọlá sọ.

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ bákan náà. Ẹni tó tún tẹ̀ lé e náà sọ ọ́. Ìbíyẹmí jókòó sídìí rédíò, ó sì ń gbọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí wọ́n ti ń dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń kí arúgbó náà káàbọ̀.